Ilẹ̀kùn Tí Mo Kà Láìbéèrè

Ní Omagba, àdúgbò Onitsha tí mo ń gbé báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ wọn a máa wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti béèrè irú iṣẹ́ tí ó yẹ kí ènìyàn fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. N kì í yára dá wọn lóhùn. Èmi a kọ́kọ́ na ọwọ́ ọ̀tún mi sí wọn, kí wọ́n fọwọ́ kan àtàǹpàkò mi àti ìka tí ó tẹ̀ lé e. Awọ ibẹ̀ le bí èèpo àgbọn. Amọ̀, ẹfun àti èédú ni wọ́n sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì rí ìpara tí ó lè dá a padà.

Iṣẹ́ mi ni ṣíṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ní àṣà àtijọ́. Bí ẹnì kan bá kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù tuntun, tí ó sì fẹ́ kí àlejò rò pé bàbá-ńlá onílé ni ó kọ́ ọ, èmi ni wọn yóò ránṣẹ́ pè. Èmi a fi amọ̀ pupa rẹ́ ògiri, èmi a fi òkúta dán an, èmi a sì fi ìka àti ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí i. Mo máa ń to ìkòkò omi ilẹ̀ Ìgbò sí ẹ̀gbẹ́ igbá fínfín láti Ọ̀yọ́, mo máa ń fi àdìrẹ ṣe kọ́tìnì, mo sì máa ń wá àpótí, ọpọ́n àti ilẹ̀kùn tí àwọn baba gbẹ́ kí ìṣó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ogójì ọdún ó lé kan ni mo fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ, àti bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré tí mo kà lórí ìwé ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé mo kàwé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti bí mi, mo ka ìwé mẹ́fà yọrí, olùkọ́ wa a sì máa fi rúlà lu ìka ẹni tí ó bá gbàgbé àmì orí ọ̀rọ̀. Ó máa ń kọ ọnà àti ọ̀nà sí ojú pátákó, a ó sì dìde kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ọnà, tí í ṣe ẹwà tí a fi ọwọ́ ṣe, ọ̀nà, tí í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Mo gba ẹ̀bùn nínú ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀bùn yẹn wà lára ohun tí ó ṣì mí lọ́nà.

Nígbà tí ogun Biafra parí, ọkọ mi, tí ó jẹ́ télọ̀, gbọ́ pé iṣẹ́ aṣọ pọ̀ ní Onitsha ju ọwọ́ tí yóò rán an lọ, ó sì kó wa wá. A gba yàrá kan sí àdúgbò kan lẹ́yìn Iweka Road. Ihò ọta ìbọn wà lára ògiri rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi ń wọlé tọ̀ wá láti ibi méje. Ní ọjọ́ kejì, onílé rán ìyá àgbàlagbà kan wá láti dí àwọn ihò náà. Nne Nwakaego ni wọ́n ń pè é, “Nne” tí í ṣe ìyá ní èdè Ìgbò. Ó gbé ìkòkò amọ̀ ka ilẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo rò pé yóò dí ihò náà, yóò sì máa lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó sọ ihò kọ̀ọ̀kan di ojú ọnà kan: èkíní di ojú ejò, èkejì di hóró inú èso, ẹ̀kẹta di oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ibi tí ọta ti wọlé ni ibi tí ó lẹ́wà jù nínú yàrá náà. Mo pọn ọmọ mi sẹ́yìn, mo sì tọ̀ ọ́ lọ pé mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní àwọn ọlọ́bẹ̀ elépo ti dé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ìgbò ṣe ń fi àwa Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Lẹ́yìn náà ó ní ẹni tí ó bá lè ro ọbẹ̀ tí epo kún tó bẹ́ẹ̀, bóyá yóò lè po amọ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi sìn ín. Ní ọdún kìn-ín-ní, n kò fọwọ́ kan ẹfun. Amọ̀ ni mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí mo ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Bí mo bá ti gbúròó ẹsẹ̀ Nne, èmi a tún ọwọ́ bọ inú amọ̀ wá òkúta. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá amọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tẹ́tí sí i bí ẹni pé ó ń retí èsì. Bí òkúta kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù, yóò da odindi ọpọ́n amọ̀ náà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò sì lọ jókòó. Kò ní bú mi. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Ìlà ni a fi ọdún kejì kọ́. Ìlà iṣẹ́ wa kì í ní àtúnṣe. Èémí kan ni a fi ń fà á, bí èémí bá sì tán kí ìlà tó dópin, ọwọ́ yóò gbọ̀n, gbogbo ayé yóò sì rí i. Mo rántí ilé kan tí mo ti yàwòrán sí ògiri rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìlà kan gbọ̀n nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀. Mo dúró gan-an síwájú rẹ̀ kí Nne má bàa rí i. Ó ní kí n yẹra. Ó ní kí n bu omi wá. Ó sì fọ gbogbo ògiri náà kúrò níṣojú onílé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ta ni yóò tẹrí ba wo ibẹ̀. Ó dáhùn pé ẹni tí ó bá jókòó sílẹ̀ kò nílò láti tẹrí ba.

Ṣùgbọ́n òfin tí ó le jù lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nínú amọ̀ tàbí nínú ìlà. Kí ó tó po àwọ̀ rárá, yóò jókòó ti onílé, yóò sì bi í léèrè ọ̀rọ̀: Ta ni ọ́? Ṣé bàbá rẹ ṣì wà? Bí ó bá ti kú, ṣé ẹ ti ṣe òkú rẹ̀ tán? Oyè wo ni o jẹ? Ta ni yóò máa wá kí ọ níhìn-ín? Ó ní ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ wà ní ilẹ̀ àwọn tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àga kan wà tí ó jẹ́ ti olóyè, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kan sì wà tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó ti jẹ oyè Ọzọ nìkan, oyè tí ó ga jù lọ tí ọkùnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ní ìlú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́, tí ó gbé ilẹ̀kùn náà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, dà bí ẹni tí ó dé adé níṣojú ọba. Gbogbo ìgbà tí a bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ni Nne máa ń tún òwe kan pa fún mi ní èdè rẹ̀: Onye ajụjụ anaghị efu ụzọ. Èyí ni pé, ẹni tí ó bá ń béèrè kì í ṣìnà. Àwa náà ń pa á bẹ́ẹ̀ nílé.

Mo rò pé mo lè ràn án lọ́wọ́. Mo ra ìwé alákọsílẹ̀, mo ya gbogbo ọnà rẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì kọ ìbéèrè rẹ̀ síbẹ̀ ní èdè Ìgbò, kí a lè máa fi fún onílé láti kọ èsì sí i. Ó gba ìwé náà, ó yí i po lọ́wọ́, nítorí kò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Ó bi mí pé, “Ṣé ìwé ni yóò gbé inú ilé náà?” Ó sì fi ìwé mi dá iná. Mo sọ fún ara mi pé àìmọ̀wé ni ó ń dà á láàmú.

Nígbà tí ó dá mi sílẹ̀, ó fún mi ní òkúta dídán tí ìyá rẹ̀ fi dán ògiri, kò sì sọ ju kí n má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọyẹ́ ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó gbé Nne lọ.

Kò pẹ́ tí Nne kú ni owó epo rọ̀bì rọ̀ sí ìlú. Ẹ̀yin kò lè mọ bí ó ti rí. Ọkọ̀ akẹ́rù sìmẹ́ńtì a tò láti etí odò títí wọ ojú ọ̀nà, ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lánàá ń kọ́ ilé alájà méjì lónìí. Kápẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ń fẹ́, àga oníwúrà, àti ìwé ògiri tí wọ́n ya òkè oníyìnyín sí, òkè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí. Mo ra rólà àti ọ̀dà olómi, mo kùn fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́, kí ọmọ lè jẹun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni rólà fi ń bo ògiri tí Nne ìbá fi ọjọ́ mẹ́ta tọ́. N kì í wo ẹ̀yìn bí mo bá ti parí.

Ibi tí mo bá ayé dé nìyí nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Okwudili wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Sìmẹ́ńtì ni ó ń tà, ó sì ti kọ́ ilé ńlá kan sí ìgboro Onitsha. Ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí Ògìdì. Nígbà ogun, wọ́n sun ilé bàbá rẹ̀ níbẹ̀, bàbá náà sì kú sínú igbó níbi tí wọ́n sá sí. Wọ́n kàn wú ilẹ̀ bò ó ni, láìsí ètùtù kan. Kò sí àwòrán ilé náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó fẹ́ ni kí n sọ yàrá iwájú ilé tuntun rẹ̀ di ibi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń gba àlejò. Obi ni àwọn Ìgbò ń pe irú yàrá bẹ́ẹ̀. Èmi yóò pè é ní gbọ̀ngàn níhìn-ín, kí ẹ má bàa rò pé obì tí a ń pa jẹ ni mo ń wí.

Àwọn aládùúgbò fi í rẹ́rìn-ín pé ọlọ́rọ̀ tí ń ta sìmẹ́ńtì ń fi owó ra ẹrẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ti yan àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, dúró lójú gbọ̀ngàn, ó ń wo amọ̀ tí mo ń tẹ̀.

“Mama Bọ̀dé,” ni ó wí fún mi, “ṣé ewúrẹ́ ni yóò máa sùn níbí ni?”

Mo ní bí ewúrẹ́ náà bá mọ ìwà hù, kò burú.

Mo bi ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ìbéèrè Nne. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Kò tíì ṣe òkú bàbá rẹ̀ tán, kò sì tíì jẹ oyè kankan, ṣùgbọ́n ó ti lọ bá àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ pé òun fẹ́ jẹ Ọzọ. Wọ́n ní kí ó dúró. Àwọn yóò wá fi ẹsẹ̀ tẹ ilé tuntun náà, àwọn yóò wo irú ènìyàn tí ó jẹ́, kí àwọn tó sọ̀rọ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá lórí ìbẹ̀wò yìí. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ pé agbéraga ni òun, ọ̀rọ̀ oyè tán nìyẹn, bóyá fún gbogbo ayé òun.

Nígbà tí iṣẹ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó lọ sí Èkó láti gba ẹrù lórí omi. Awakọ̀ rẹ̀ kan mú ìwé pélébé kan wá fún mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò ṣe ń kọ nǹkan sára àpò ẹrù, lẹ́tà ńlá ni ó fi kọ gbogbo rẹ̀: TINYE ỤZỌ ỌZỌ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. “Tinye” ni “fi sí i”. “Ụzọ” ni ọ̀nà, òun náà sì ni ilẹ̀kùn. “Ọzọ” ni orúkọ oyè náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí a ń kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí ó túmọ̀ sí “mìíràn”. Ohùn ẹnu nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Okwudili fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, bóyá lẹ́tà ńlá tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìbá fi ohun tí ó fẹ́ hàn mí. Kò sí ìyẹn. Kò sì sí àmì lórí rẹ̀.

Èmi tí wọ́n fi rúlà kọ́ ní àmì ohùn, mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì mọ ohun tí ó wí. Ilẹ̀kùn kan ti wà ní gbọ̀ngàn náà; kí ni yóò fi òmíràn ṣe? Ilẹ̀kùn Ọzọ ni ó fẹ́. Mo ní nínú ara mi pé àwọn àgbà ti gbà fún un, ayọ̀ ni ó mú kí ó kọ̀wé láti Èkó. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé. Awakọ̀ náà ń padà lọ sí Èkó ní ọjọ́ kejì. N kò bi ẹnikẹ́ni. Kí ni màá béèrè fún, nígbà tí ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé?

Mo wọkọ̀ lọ sí Awka, sí ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà kan tí ó ní ilẹ̀kùn àtijọ́ kan nípamọ́. Odindi pákó ìrókò ni, ọnà bò ó láti òkè dé ilẹ̀, èéfín ọ̀pọ̀ ọdún sì ti sọ ọ́ di dúdú. Ó bi mí bóyá ẹni tí ó ni ín ti jẹ oyè náà. Mo na ìwé sí i. Òun náà kò mọ̀wé. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó ní, “Ìyá, èmi kò bá ìwé jiyàn,” ó sì gbé ilẹ̀kùn fún mi.

Mo ní kí káfíńtà lé férémù àti ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹnu gbọ̀ngàn níbi tí ilẹ̀kùn lásán wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dè é. Mo ya ẹfun yí i ká. N kò ṣe iṣẹ́ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Okwudili dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn àgbà ń bọ̀. Mo wà lórí àpótí, mo ń parí ìlà ìkẹyìn. Ó wọ àgbàlá, ó sì dúró.

“Madam, kí ni èyí?”

“Ilẹ̀kùn yín ni, ọ̀gá. Ẹ ò rí i pé ó yẹ ibẹ̀?”

“Ta ni ó ní kí o gbé e wá?”

Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi ìgbéraga yọ ìwé náà nínú àpò mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó kà á síta. Bí ó ti sọ ọ́ jáde, etí mi gbọ́ ohun tí ojú mi kò rí. “Mìíràn” ni ó wí. Ilẹ̀kùn mìíràn, láti inú ilé wá sínú gbọ̀ngàn, kí àwọn obìnrin lè máa gba ibẹ̀ gbé oúnjẹ fún àlejò láìgba ìta. Kò pariwo mọ́ mi. Ó jókòó sórí àpótí mi.

Wákàtí méjì ni ó kù. Káfíńtà ní bí òun bá fa ilẹ̀kùn tàbí férémù yọ, ògiri lè bá a wó. Ìyàwó Okwudili ni ó rántí àdìrẹ tí mo kó wá fún kọ́tìnì. Ó ní kí a fi bo ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ilẹ̀, kí àwọn àlejò gba inú ilé wọ gbọ̀ngàn. Kò sí àbá mìíràn. Èmi fúnra mi ni mo so aṣọ náà mọ́ ọn. Aró rẹ̀ dúdú, ó rẹwà. Nígbà tí mo so ó tán, mo rántí Nne tí ó ní kí n yẹra níwájú ìlà tí ó gbọ̀n.

Àwọn àgbà márùn-ún ni wọ́n wá. Bàbá Udeze, tí ó dàgbà jù, ni ó ṣíwájú, fìlà pupa lórí rẹ̀, okùn òwú oyè ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn kò tíì dé àárín àgbàlá nígbà tí ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí aṣọ náà.

“Okwudili, ta ni ó kú nínú ilé yìí tí ẹ fi aṣọ dúdú bo ẹnu ọ̀nà?”

Ó fi ọ̀pá náà kan ilẹ̀.

“Tàbí bàbá rẹ ni o ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀? Nígbà tí o kò tíì ṣe òkú rẹ̀?”

Mo rí i tí Okwudili la ẹnu. Mo mọ ohun tí ó fẹ́ wí, nítorí a ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: pé ọ̀dà kò tíì gbẹ, pé eruku ni a ń sá fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ Ọzọ ti búra pé òun kò ní purọ́ mọ́. Bí ó bá pa irọ́ yìí fún wọn lónìí, kò tún sí oyè fún un láéláé, èmi sì ni mo fi irọ́ náà sí i lẹ́nu. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Mo bọ́ sí iwájú kí ti ọ̀gá mi tó balẹ̀, mo sì fa aṣọ náà já.

Ọ̀kan nínú wọn yí padà láti máa lọ. Mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì bí a ti ń ṣe nílé wa.

“Nna anyị,” ni mo wí, èyí tí í ṣe bàbá wa, “ẹ má bínú sí i. Ó kọ̀wé sí mi. Èmi ni mo kà á, n kò béèrè.”

Ẹni tí ó fẹ́ máa lọ náà ní èyí ni ohun tí ènìyàn máa ń rí nígbà tí ó bá ní kí ọlọ́bẹ̀ elépo wá kọ́ ilé bàbá òun. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá Udeze kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Okwudili ka ìwé náà. Okwudili kà á. Ó wá ní kí èmi náà kà á bí mo ti kà á lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Mo kà á. Ohùn méjì, lẹ́tà kan náà. Ó ní kí a tún un kà, a sì tún un kà, èmi àti ọlọ́rọ̀ yẹn, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ níwájú pátákó.

Lẹ́yìn náà ó lọ sí ibi ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ pa ọnà rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

“Ilẹ̀kùn yìí dàgbà ju gbogbo wa lọ,” ni ó wí. “Ìwé kọ́ ni yóò rán an níṣẹ́.”

Ìdájọ́ rẹ̀ kò gùn. Wọn kò ní pa obì nínú ilé náà títí ilẹ̀kùn yóò fi kúrò. Yóò lọ dúró ní gbọ̀ngàn Bàbá Udeze fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ tí Okwudili bá tó o gbé kọ́. Férémù yóò wà níbẹ̀ lófìfo. Kò gbọdọ̀ fi pákó tàbí aṣọ dí i, kí ó lè máa rántí, nígbàkigbà tí afẹ́fẹ́ bá gba ibẹ̀ wọlé, pé bàbá òun ṣì wà níta. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní èmi kò gbọdọ̀ gbé ilẹ̀kùn kọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí àwọn láìjẹ́ pé mo fi ẹnu béèrè, tí ẹnu sì dá mi lóhùn.

Àwa mẹ́rin ni a gbé ilẹ̀kùn náà kúrò; mo di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Igun ògiri kan là. Nígbà tí wọ́n ń pa obì lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ níta, mo ń fi amọ̀ dí i, mo ń fi òkúta Nne dán an. Òkúta náà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ìròyìn ìtìjú mi yára jù mí lọ dé ọjà. Fún nǹkan bí ọdún kan, bí mo bá gba ojú ọ̀nà kọjá, àwọn tí ń ta ọ̀dà a máa kígbe tẹ̀ lé mi pé, “Mama, ụzọ ọzọ!”, ní ohùn méjèèjì. Mo kọ́ láti kí wọn padà. Àwọn oníbàárà kan sá, àwọn mìíràn sì wá nítorí ọ̀rọ̀ náà gan-an, torí wọ́n mọ̀ pé èmi yóò bi àwọn ní ìbéèrè títí yóò fi sú wọn. Láti ìgbà náà, n kò gba iṣẹ́ nípasẹ̀ ìwé mọ́.

Nǹkan yí padà ní ọwọ́ mi. Àwọ̀ ẹfun tí a ń wà nínú ilẹ̀ di èyí tí a ń rà nínú ike. Ẹ̀rọ dé tí ń dán ilẹ̀kùn tuntun kí ó lè dà bí ti àtijọ́. Ọjà ohun ìkọ́lé Ògìdì kún fún irú rẹ̀ lónìí, ìrókò tí kò rí èéfín rí. Àwọn oníbàárà mi ìkẹyìn a máa fi àwòrán hàn mí lórí fóònù pé bí àwọn ṣe fẹ́ ẹ nìyí. N kò kórìíra fóònù. Mo máa ń gbà á, mo máa ń wò ó dáadáa, mo sì máa ń dá a padà, kí n tó bi wọ́n pé: Ta ni ọ́? Ṣé bàbá rẹ ṣì wà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, bí ẹ bá mọ̀wé jù mí lọ, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí èyí tí ó kù.

Ọdún mẹ́ta ni férémù náà fi wà lófìfo. Òjò ń gba ibẹ̀ wọ gbọ̀ngàn. Ìyàwó Okwudili ń kó àga sẹ́yìn nígbà gbogbo tí ojú ọ̀run bá ṣú, ó sì ń bú mi. Mo gbọ́ pé Okwudili lọ sínú igbó tí wọ́n sá sí nígbà ogun, pé ó rí ibi tí wọ́n bo bàbá rẹ̀ mọ́, pé wọ́n ti ṣe òkú bàbá rẹ̀ bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn èyí, n kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan dúró sí ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú ìwé pélébé. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀: TINYE ỤZỌ ỌZỌ.

Mo wọ bàtà mi. Òjò ń rọ̀, mo rìn nínú rẹ̀. Okwudili wà nínú gbọ̀ngàn, ó ti ga sí i lójú mi, fìlà pupa tuntun sì wà lórí eékún rẹ̀ bí ohun tí kò tíì mọ́ ọn lára. Mo kí i. Mo na ìwé náà sí i.

“Ọ̀gá, mo ti kà á. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ fún mi.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó wo férémù òfìfo náà, ó sì fi ohùn oyè sọ ọ́. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Nígbà náà ni mo tó lọ gbé ilẹ̀kùn ní gbọ̀ngàn Bàbá Udeze.